Ìrìn Àjò Wa sí Agadez àti Ọ̀rọ̀ Ilé Bàbá Wa

Àwọn tí mo ń kọ́ ní ìwé ní Pobè máa ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní, "Olùkọ́, kí ni ẹ máa ń lọ ṣe ní Sakété ní gbogbo oṣù Kìíní, tí ẹ fi máa ń padà wá pẹ̀lú amọ̀ lábẹ́ èékánná?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà gùn, àkókò ẹ̀kọ́ kò sì tó. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín, kí wọ́n lè kà á fúnra wọn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta àti ìyá mi, a rin ìrìn àjò lọ sí Agadez. Agadez jẹ́ ìlú àtijọ́ ní orílẹ̀-èdè Niger, ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹnìkan bá ní òun ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n á bi í pé, "Ṣé ọjà ni, àbí òkú?" Tiwa kì í ṣe ọjà, kì í sì í ṣe òkú. Àwọn ọmọ wà ní ìsinmi ọdún, wọ́n fẹ́ rí ràkúnmí. Ìyá mi fẹ́ rí ọmọ rẹ̀. Èmi ní tèmi, mo fẹ́ gbọ́ ìdáhùn ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Bàbá wa kú ní ọdún 2006. Ó fi ilé kan sílẹ̀ ní Sakété. Ilé amọ̀ ni, yàrá mẹ́fà, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan níwájú. Bàbá tó bí bàbá wa ló kọ́ ọ. Amọ̀ pupa ilẹ̀ wa ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ọkùnrin fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n sì mọ ọ́n ní ìpele-ìpele. Bí ìpele kan bá gbẹ, wọ́n á mọ òmíràn lé e. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí òjò bá lọ tí ọ̀yẹ́ bá dé, ìyá mi àti àwọn ìyàwó ilé máa ń rẹ́ ògiri náà. Wọ́n á po amọ̀ kíkúnná mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹ títí á fi dán. Àwa ọmọdé ló máa ń pọn omi.

Lẹ́yìn ikú Bàbá, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Àwọn ìyàwó ilé ti darúgbó. Àwa ọmọ ti tú ká: òmíràn ní Pobè, òmíràn ní Àjàṣẹ́, òmíràn ní Kútọnu. Ní ọdún 2011, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin dá owó jọ, a pe mọlémọlé kan. Ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ẹ̀yìn ògiri. Ó dán, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n nígbà òjò kejì, sìmẹ́ńtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Bó ti ń ṣí, bẹ́ẹ̀ ló ń já amọ̀ lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, igun kan nínú ilé náà wó lóru. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sí ẹni tó sùn níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àbúrò mi ti ní kí a wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó ní kí a fi bíríkì sìmẹ́ńtì kọ́ yàrá tuntun, kí a máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. Ó ní ayé amọ̀ ti kọjá. Èmi náà gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti jókòó, mo ti fi kálámù ṣírò iye tí yàrá mẹ́fà lè máa mú wá lóṣooṣù.

Ṣùgbọ́n bàbá wa ní dáwódù. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni. Láti ọdún 1998 ló ti wà ní Agadez, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń tà níbẹ̀. Bí kò bá fọhùn, kò sí ẹni tó lè fi ọkọ́ kan ògiri Bàbá. A pè é lórí fóònù. Ó gbọ́ wa tán, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Ẹ wá bá mi níbí. Ẹ mú Ìyá dání." Ló bá fi owó ọkọ̀ Ìyá ránṣẹ́. Àbúrò mi kò lè bá wa lọ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n ti bá òun sọ ọ́.

A fi òwúrọ̀ kùtùkùtù kúrò ní Sakété. Ní Kútọnu ni a ti wọ bọ́ọ̀sì ńlá. A kọjá Bohicon, a kọjá Dassa, a kọjá Parakou àti Kandi. Bí a ti ń lọ sí òkè ni igi ń dínkù. Ọ̀pẹ tí a fi mọ Pobè ló kọ́kọ́ pòórá. Lẹ́yìn rẹ̀, igi òrí àti igi igbá ni a ń rí. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, igi pàápàá ti di ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Malanville ni ìlú ìkẹyìn ní Bẹ̀nẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ó lé ní kìlómítà 700 sí Kútọnu. Níbẹ̀ ni a ti rí Odò Ọya. Ìyá mi ti ń gbọ́ orúkọ odò yìí láti kékeré, kò rí i rí. Ó ní, "Ṣé odò tí wọ́n ń sọ nìyí?" Lẹ́yìn náà kò sọ ohun kankan mọ́ títí a fi la afárá kọjá. Ní òdìkejì, pátákó kan wà. Ìyá mi wà lára àwọn àgbàlagbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ ní ìwé. Ó tẹjú mọ́ pátákó náà, ó ń kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: G, A, Y, A. Ó ní, "Gaya." Àwọn ọmọ mi pàtẹ́wọ́ fún ìyá wọn àgbà. Àwọn èrò ọkọ̀ ń wò wá.

A sùn ní Niamey, tí í ṣe olú-ìlú Niger. Ní ọjọ́ kejì a wọ bọ́ọ̀sì mìíràn. Láti Niamey dé Agadez, ó lé ní kìlómítà 900. Bọ́ọ̀sì náà tún gba Dosso padà, ó gba Birni N'Konni, ó gba Tahoua. Ẹ mọ àlùbọ́sà pupa tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Galmi ní ọjà wa. Orúkọ ìlú kan ni, ní apá ibẹ̀ yẹn ní Niger. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń jẹ àlùbọ́sà náà, n kò mọ̀ pé orúkọ ìlú ni mo ń pè.

Lẹ́yìn Tahoua, ilẹ̀ di òkúta àti iyanrìn. Ọmọ mi kékeré rí ràkúnmí àkọ́kọ́. Ó kígbe débi pé ẹni tó ń sùn níwájú wa ta jí. Nígbà tó yá, ràkúnmí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò bìkítà fún wọn mọ́.

Òru ni a dé Agadez. Mo ti rò pé ooru nìkan ló wà ní aṣálẹ̀. Irọ́ ni. Lóru oṣù Kejìlá, òtútù ibẹ̀ ju ti ọ̀yẹ́ Sakété lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè wá ní ibùdókọ̀, ó fi láwàní wé orí bí ará ibẹ̀. Nígbà tó rí Ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn, níwájú gbogbo èrò. Ọdún méje ni wọn kò ti rí ara wọn, láti ìgbà àdúà Bàbá. Ìyá mi fi ọwọ́ pa á lórí. Ó ní, "Àjàní, o ti hu ewú." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ti jẹun tán, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Àyìndé, ẹ tíì dé ni. Ẹ kọ́kọ́ rìn nínú ìlú. Bí ẹ bá ti rí i tán, a ó sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta rìn nínú Agadez.

Ìlú náà pupa bí amọ̀, nítorí pé amọ̀ ni. Ilé àtijọ́ ibẹ̀ kò ní páànù. Òkè wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì ṣe ojú ọ̀sọ́rọ̀ sí i kí omi lè ṣàn jáde. Ògiri nípọn, fèrèsé kéré. Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, inú ilé á tutù bí inú ìkòkò omi. Ojú pópó tóóró, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Agbo ilé mọ́kànlá ni àárín ìlú àtijọ́ náà pín sí. Láti bí ẹgbẹ̀ta ọdún sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn ni ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò, nígbà tí ìjọba Súlútánì ilẹ̀ Aïr fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò ló máa ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ràkúnmí. Wọ́n ń ti ìhà gúúsù lọ sí ìhà àríwá, wọ́n sì ń kó iyọ̀ wá láti Bilma, ìlú kan tó wà ní ìlà-oòrùn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ ìrìn nínú iyanrìn. Súlútánì ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ààfin rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́sálásí ńlá, àwọn ará ìlú sì ṣì ń gbé ẹjọ́ wá síwájú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ilé kan hàn wá tí òyìnbó ará Jámánì kan, Heinrich Barth, gbé ní ọdún 1850. Òyìnbó náà rin ilẹ̀ Áfíríkà fún ọdún púpọ̀, ó sì kọ gbogbo ohun tó rí sínú ìwé. Ilé amọ̀ tó wọ̀ sí kò wó. Ọmọ mi àgbà ní, "Bàbá, ilé yìí dàgbà ju tiwa lọ." N kò dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n mọ́sálásí ńlá ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ní ọdún 1515 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ. Wọ́n tún un kọ́ ní ọdún 1844. Ilé gogoro tí wọ́n ti ń pe ìrun níbẹ̀ ga ní mítà 27. Ó dà bí ìgbà tí a bá to ọ̀pẹ gíga méjì lé ara wọn. Amọ̀ àti igi ni gbogbo rẹ̀.  Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, bó sì ti ń lọ sókè ló ń tín-ín-rín. Igi yọ jáde lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ẹ̀gún lára òòrẹ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ gbà kí èmi àti ọmọ mi àgbà gòkè. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó há. Nígbà tí a kù díẹ̀ dé òkè, ìfun ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi rìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ orí síta, mo rí gbogbo ìlú náà nísàlẹ̀ mi, ilé pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pupa, títí dé ibi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo béèrè ohun tí àwọn igi tó yọ síta náà wà fún. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àkàbà ni. Lórí wọn ni àwọn mọlémọlé máa ń gùn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ ẹ."

Mo ní, "Ṣé wọ́n ṣì ń rẹ́ ẹ ni?"

Ó wò mí. Ó ní, "Kí lo rò pé ó gbé e dúró?"

Kò jìnnà síbẹ̀, bàbá arúgbó kan ń rẹ́ ògiri ilé kan. Amọ̀ tó pò ní pàǹtí koríko nínú. Ọwọ́ ló fi ń rẹ́ ẹ, bí ìyá mi ti máa ń ṣe. Ìyá mi dúró wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó bu amọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, ó rà á láàárín ìka. Ó ní, "Omi rẹ̀ pọ̀ díẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Haúsá. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ tó ń bá òun pò ó kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Mo wá sọ fún bàbá náà ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé wa. Mo sọ nípa sìmẹ́ńtì. Ó mi orí. Ó ní amọ̀ máa ń mu omi, ó sì máa ń tu ú síta padà bí oòrùn bá yọ. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi á gba ilẹ̀ tàbí gba ojú tó sán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ògiri á wá máa jẹrà láti inú, nígbà tí ìta ṣì ń dán. Ní ọjọ́ kan, yóò wó. Ó ní, "Amọ̀ ni a fi ń rẹ́ amọ̀."

Ojú tì mí. Mo ti ń sọ pé ilé bàbá wa gbó. Kì í ṣe gbígbó ló wó igun ilé náà. Owó tí èmi àti àbúrò mi dá ló wó o.

N kò ní purọ́ fún yín pé amọ̀ kì í wó ní Agadez. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, òjò ńlá rọ̀, omi ya wọ ìlú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé amọ̀ sì wó. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ibẹ̀ kéré púpọ̀. Òjò tí ń rọ̀ ní Pobè lọ́dún ju tiwọn lọ ní ọ̀nà márùn-ún, ó tún lé. Nítorí náà, ilé amọ̀ tiwa nílò páànù tí etí rẹ̀ gùn síta, kí omi má bàa fọ́n sí ògiri. Ó sì nílò ẹsẹ̀ tó lágbára nísàlẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ èyí. Àwa la gbàgbé.

Ní ọjọ́ kẹta, aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi kan, obìnrin Tuareg, wá kí Ìyá. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó fi ìka kọ nǹkan sínú iyanrìn: kóńdó, òbìrìkítí, ààmì bí àgbélébùú. Ẹ̀gbọ́n mi ní lẹ́tà àwọn Tuareg ni, Tifinagh ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti ayé àtijọ́, àwọn ìyá ló sì máa ń kọ́ ọmọ wọn nínú iyanrìn bẹ́ẹ̀. Orúkọ obìnrin náà ló kọ. Ìyá mi náà tẹ̀ba, ó fi ìka kọ orúkọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ fẹ́, ó sì pa á rẹ́.

Ohun kan tún wà tí mo rí, tí kò dùn mọ́ mi. Ní ibùdókọ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin pọ̀ tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání. Wọ́n fẹ́ gba aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Líbíà, kí wọ́n ti ibẹ̀ lọ sí Yúróòpù. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ Yorùbá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013 kan náà, wọ́n rí òkú ènìyàn 92 nínú aṣálẹ̀ ní àríwá Niger, nítòsí ààlà Àlùjíríà. Òǹgbẹ ló pa wọ́n. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ra búrẹ́dì fún ọmọ tó ń sọ Yorùbá náà, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sílé. Ọmọ náà dúpẹ́ búrẹ́dì.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a tó sọ ọ̀rọ̀ ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ti rí i. Àwọn wọ̀nyí tọ́jú tiwọn láti ọdún 1515. Ní oṣù Kẹfà ọdún yìí, UNESCO, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, kọ àárín ìlú yìí mọ́ àwọn ohun-ìní tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́. Oṣù kan náà ni igun ilé tiwa wó. N kò gbà kí ẹnikẹ́ni wó ilé Bàbá."

Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n Ìyá ló kọ́kọ́ fọhùn. Mo ti rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Inú bí i.

Ó ní, "Àjàní, ta ni yóò rẹ́ ẹ? Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ọwọ́ mi rẹ́ ilé yẹn. Ìwọ wà níbí. Àyìndé wà ní Pobè. Àwọn ìyókù wà ní Kútọnu. Ẹ fẹ́ kí ilé dúró, ẹ kò fẹ́ kí amọ̀ kan yín lọ́wọ́. Bí ẹ ò bá ní rẹ́ ẹ, ẹ wó o nígbà tí mo ṣì wà láyé, kí n má bàa máa wò ó bó ti ń kú díẹ̀díẹ̀."

Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀.

Ìyàwó mi ló la ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ Ẹ̀gbọ́n. Yàrá mẹ́ta ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wó ìyẹn, kí àbúrò wọn fi bíríkì kọ́ ọ, kí owó ilé sì máa wọlé. Kí a tún yàrá mẹ́ta iwájú àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe. Kí a fi díẹ̀ nínú owó yẹn tọ́jú rẹ̀. Kí gbogbo ọmọ máa wá rẹ́ ẹ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní."

A jíròrò dòru. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò ra páànù tí etí rẹ̀ gùn. Ìyá ní òun yóò kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí a ti ń pò ó. Nígbà tí a fẹ́ dìde, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu dà bí ohun tí a kọ nínú iyanrìn."

Mo ya ìwé kan nínú kàyé ọmọ mi, mo kọ ọ́ ní èdè wa. Mo kà á sókè. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí i. Èmi náà fọwọ́ sí i. Ní ìgbà ayé bàbá mi, ìka ni Ìyá máa ń tẹ̀ sí ìwé. Ní alẹ́ yẹn, ó gba kálámù, ó kọ orúkọ rẹ̀ jálẹ̀, ó sì fà á wò bóyá lẹ́tà kankan kù.

Nígbà tí a padà délé, àbúrò mi bínú. Ó ní, "Ẹ lọ jókòó ní aṣálẹ̀, ẹ pín ilé láìsí mi." Ó jàre. Ó rán mi níṣẹ́, èmi sì fọwọ́ sí ohun tí kò rán mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbà láti kọ́ yàrá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí ìwé náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014 kò wá. Ní ọdún 2015 kò wá. Ní ọdún 2016, a ti ń pò amọ̀ nígbà tí a rí i lórí alùpùpù. Kò sọ nǹkan kan. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọ inú amọ̀.

Ìyá mi kú ní ọdún 2019. Ẹ̀gbọ́n mi wá fún fídáù. Lẹ́yìn àdúà, kò jókòó pẹ̀lú àwọn àlejò. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ògiri yàrá Ìyá. Kò mọ̀ ọ́n rẹ́. Ìyàwó àbúrò mi, tí Ìyá kọ́, ló ń tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Láti oṣù Keje ọdún 2023 tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, tí wọ́n sì ti ẹnubodè pa, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì lè wá. Ó máa ń fi owó ránṣẹ́. Àwọn ọdún kan wà tí ènìyàn pọ̀ nídìí amọ̀. Àwọn ọdún kan wà tí a kì í ju mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọdún kan tí a kò rẹ́ ẹ. Ògiri iwájú dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá ní ilé amọ̀, ẹ má fi sìmẹ́ńtì bò ó. Ẹ jẹ́ kí etí páànù gùn. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró nídìí ògiri. Bí ẹ̀yin àti àwọn ará ilé yín bá sì fẹnu kò lórí ohun kan, ẹ rí i pé gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí.

Ìwé tí a kọ ní Agadez wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kìíní tó tẹ̀lé ikú Ìyá, àbúrò mi ní kí n mú un wá. Amọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó gba kálámù. Àbàwọ́n pupa náà wà lára ìwé náà dòní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Ìyá.